Omi Ajíhó Kì Í Gbé Inú Ọ̀rá

Gbé fóònù yẹn kúrò níwájú ẹnu mi, Dèjì. Etí mi ló ń di, ẹnu mi kò yadi. Bí o bá fẹ́ kó gba ohùn mi, gbé e sórí àpótí yẹn, kí o sì jókòó bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìwọ Bùkọ́lá náà, jókòó. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mi ò sì lè lé yín jáde, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ fẹ́ máa ta omi inú ọ̀rá. Ẹ fẹ́ kọ "Omi Ajíhó" sára ọ̀rá náà, kí ẹ ya àwòrán àpáta sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ní kí èmi tí mo kù nínú àwọn tó mọ odò náà sọ ìtàn rẹ̀ sínú fóònù, kí n sì jẹ́rìí pé omi òkè Ìdànrè gidi ni. Ẹ tilẹ̀ mú ọ̀kan wá kí n tọ́ ọ wò. Ẹ fi í síbẹ̀ ná. Òùngbẹ kò gbẹ mí.

Ẹ ní ìtàn dídùn lẹ ń fẹ́. Èmi kọ́ ló ń se ìtàn, n kò lè fi iyọ̀ sí i fún yín. Èyí tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Yorùbá ìwé ni mo sì fi ń sọ ọ́, nítorí bí mo bá fi ẹnu Ìdànrè sọ ọ́, ẹ ó máa wo ara yín lójú bí ẹni tó ṣìnà dé ọjà Ofosu. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Ẹ̀yin kò mọ Ajíhó. Ẹ mọ àpáta, ẹ ò mọ omi. Lókè pátápátá, ní ìkọjá ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, àpáta méjì wà tó fara ti ara wọn bí àgbà méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Àárín wọn ni omi ti ń jáde. Kò pọ̀ níbẹ̀ rárá, ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Igbó ló bò ó, igi ńláńlá tí gbòǹgbò wọn wọ inú pàlàpálá òkúta, tí ewé wọn sì kún ilẹ̀ débi pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, omi á jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Orí Omi là ń pe ibẹ̀. Láti Orí Omi, odò á máa wọ́ bọ̀ lábẹ́ ewé, á máa kó àwọn ìsun kéékèèké mọ́ra, títí yóò fi dé etí àpáta gíga tó wà lókè ilé wa. Ibẹ̀ ló ti ń já wálẹ̀. Bó bá sì já, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti ń hó, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ajíhó nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó wá láti Atosin, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo ta jí, mo gbọ́ "hòòò" lókè, mo ní òjò ti dé. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìró àyà, mo ń ká gbogbo aṣọ ilé tí wọ́n sá, mo ń pariwo kí wọ́n wá kó kòkó nílẹ̀. Gbogbo ilé tú síta. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìyá ọkọ mi wo òkè, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, òjò tìrẹ kì í dá o." Fún ìgbà pípẹ́, "Òjò-kì-í-dá" ni wọ́n ń pè mí nínú agbo ilé.

Ìyá ọkọ mi yìí, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, Aládùúrà paraku ni. Aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, agogo ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Òun ló mú mi lọ sódò, tó fi odò hàn mí bí ẹni ń fi iyàrá hàn àlejò. Òkè níbi tí omi ti já ni ti mímu, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àárín ni ti ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀. Ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn kòtò wà nínú àpáta, ni ti ẹ̀gẹ́. Kòtò kọ̀ọ̀kan ló ní agbo ilé tó ni ín. Tiwa wà lábẹ́ igi ọ̀pẹ kan tó tẹ̀. Ìyá Àgbà jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ tirẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Kòtò yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ. Kò sí ẹlòmíràn tó fún mi ní iṣẹ́.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pupurú? Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú kòtò, a ó gbé òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi rọ̀. A ó fa okùn inú rẹ̀ jáde, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ, a ó sì tò ó sókè iná. Èéfín á mú ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ á funfun báláú. Pupurú tí wọ́n fi Ajíhó rẹ kì í rùn, nítorí omi tó ń ṣàn ló ń gbé òórùn rẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú Aládé á dúró dè mí lọ́nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó òkè, má jẹ́ kó tán o." Èyí tí ẹ̀ ń rà báyìí, inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, ẹ ó wá máa yínmú nídìí abọ́. Imú yín kò jẹ̀bi.

Ẹ wò ó, ọjọ́ Gálílì nìkan tó láti mú kí n sunkún. Bí Àjíǹde bá kọjá, ní ọjọ́ Ajé, gbogbo Aládùúrà á gun òkè lọ sí etí Ajíhó, tìlù tagogo. Àwọn ọmọ iléèwé á tẹ̀ lé wọn. Ìrẹsì á wà nínú kúlà, ẹ̀wà á wà nínú ewé. Ọdún kan, wòlíì wa dúró lórí òkúta láti súre, kò mọ̀ pé ewé omi tó ń yọ̀ ti bo òkúta náà. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní "Ẹ̀mí Mímọ́, sọ̀ kalẹ̀," òun gan-an ló sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ láti òkè omi mímu dé àárín omi ìwẹ̀. Gbogbo ìjọ kígbe "Alelúyà," wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Ìyá Àgbà nìkan ló bínú. Ó ní, "Ó ti fi ẹsẹ̀ kan omi mímu." Ó mú kí wòlíì fúnra rẹ̀ gbá ojú omi náà mọ́ ní ọjọ́ kejì, wòlíì sì gbá a. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún odò. Ẹ̀yin, nígbà tí ẹ bá lọ fún Gálílì báyìí, ọ̀rá omi àti agolo ni ẹ ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ bíi pé àpáta ní ìránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. Bàbá àgbà yín, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Àwa ìyàwó ilé kì í pe àgbà ọkọ ní orúkọ, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí tó ti wà nínú ilẹ̀. Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo máa pè é, nítorí ohun tó fi Ajíhó rà nìyẹn.

Ìgbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kí alágbádá lè gba ìjọba ni. Kòkó ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹni tó bá ní oko kòkó fẹ́ ní méjì, ẹni tó bá ní ilé amọ̀ ń lá àlá sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá gbójú sókè, ó rí Orí Omi. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ní àwọn igi ibẹ̀ tó gẹdú.

Èèwọ̀ kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀: ọmọ Ìdànrè kan kò gbọ́dọ̀ fi àdá kan igi Orí Omi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí ìlú ṣì wà lókè, kí wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí bàbá àgbà yín wá ṣe, mi ò rò pé ará ibòmíràn lè ronú rẹ̀. Ó pe ìpàdé ẹbí sí iwájú ilé, ní ọ̀sán gangan. Ó ní òun kò ní gé igi kankan. Ó ní Àjàní ni yóò gé e.

Àjàní ni olórí àwọn alágbàṣe tó wá láti Òkè-Ògùn ṣiṣẹ́ kòkó fún wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Kí ni èèwọ̀ wí? Ó ní ọmọ Ìdànrè. Ṣé ọmọ Ìdànrè ni Àjàní?"

Àwọn ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ojú wọn ń dán bíi ti ẹni tó rí ẹ̀yìnkùlé gbà wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ọkọ mi wà láàárín wọn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá Àgbà dúró dìgbà tí ẹ̀rín parí. Ó ní, "Ta ni yóò gbé àdá lé Àjàní lọ́wọ́?"

Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ Jésù gbàdúrà, igi lẹ tún ń bẹ̀rù?"

Ó ní, "Mi ò bọ igi rí. Ọlọ́run tó ṣe omi yẹn ló dé fìlà sí i lórí. Bí o bá ṣí fìlà lórí mi nínú oòrùn, ṣé ìfẹ́ orí mi lo ń ṣe?"

Ó dìde, ó wọlé. Wọ́n tú ká. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti ń gbọ́ àdá lókè.

Èmi ni mo ń gbé pupurú lọ tà fún àwọn alágbàṣe. Mo bá Àjàní lórí gbòǹgbò, ó ń nu òógùn. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ̀ ń gé yìí?"

Ó ní, "Ìyàwó, Bàbá ní igbó ìran àwọn ni. Wọ́n ní kò sí ohunkóhun níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ lọ bi Ìyá Àgbà."

Ó fi àdá sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ. Mo kàn rí i nígbà tó gòkè padà, tó pe àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n di ẹrù wọn. Ó ní, "Ìyàwó, ní ìlú wa náà, a kì í ṣí orí omi. Ẹ ò sọ fún wa." Wọ́n gba ọ̀nà Ofosu lọ wá iṣẹ́ míì. Àlejò ló ní ojú, onílé fọ́jú. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì tún ń sọ ọ́ sínú fóònù yín.

Ẹ rò pé ó tán? Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ kó àwọn onígẹdú wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń rẹ́ igi. Àwọn náà kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Ẹ́ńjìnnì wọn hó ju Ajíhó lọ. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jí ní ìlú yìí tí mi ò gbọ́ ohùn omi. Wọ́n rẹ́ igi, wọ́n là á sí pátákó. Bùkọ́lá, àjà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o ń fò lórí rẹ̀ ní kékeré, tí ìyá rẹ ń kígbe pé kí o má fọ́ ọ, Orí Omi nìyẹn. Orí Omi lẹ̀ ń tẹ̀ lọ sí yàrá.

Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbin kòkó sí ibẹ̀. Kòkó hù, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Àwọn ọkùnrin ń kí i pé ẹ kú ọpọlọ. Òjò àkọ́rọ̀ wá dé. Omi tó máa ń mọ́ gaara pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó kó erùpẹ̀, ó kó ẹ̀ka, ó kó òkúta, ó bo gbogbo kòtò wa. Èmi ti rẹ ẹ̀gẹ́ sí tiwa. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò rí ẹ̀gẹ́, mi ò rí kòtò. Ẹ̀gẹ́ mi ń fì lórí igi kòkó nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn sá aṣọ. Àwọn obìnrin ilé kejì ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi rí i pé kòtò tiwọn náà ti lọ. A fi ọwọ́ kó iyanrìn, a fi igbá kó o. Òjò míì rọ̀, ó tún kún. Ohun tí Ìyá Àgbà jogún tó sì fi lé mi lọ́wọ́ ni iyanrìn bò yẹn. Mi ò rí i mọ́ títí di òní.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá burú ju òjò lọ. Ajíhó kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ojú òógùn lára àpáta. Àwọn ọ̀fàfà, ẹranko tí wọ́n máa ń ké lórí igi lóru, kó lọ síbi tí wọ́n kó lọ. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ní ó dára fún kòkó, ilẹ̀ tín-ín-rín lórí òkúta ni. Gbòǹgbò igi ló dì í mú. Ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ ẹ́, òjò wọ́ ọ lọ, kòkó dojú bolẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó kù ni àpáta pípá. Àpáta tó ń dán yẹn, Dèjì. Èyí tí ẹ̀ ń dúró lórí rẹ̀ ya fọ́tò, tí ẹ ní ẹwà ìlú wa ni. Àwòrán tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sára ọ̀rá yín nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ lẹ fẹ́ fi polówó omi.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Odò wa kò gbàgbé orísun kankan. Odò ni wọ́n gbàgbé.

Kí ni Bàbá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wí? Ó ní ayé ló ń yí padà. Ó ní òjò ló fà sẹ́yìn, ó ní ìjọba yóò gbé omi ẹ̀rọ wá. Ó ra táǹkì ńlá sí iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ọkọ̀ á gbé omi wá dà sínú rẹ̀. A ń tò síbẹ̀, àwa tí a ní odò.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Kò sí ohun kan pàtó tó ń ṣe é ju ọjọ́ orí lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò jẹun, kò gba àgbo, ó kàn ní, "Ẹ fún mi ní omi Ajíhó." Mo gbé igbá, mo gun òkè. Oòrùn ń jó àpáta, ẹsẹ̀ mi ń bó. Nígbà tí mo dé Orí Omi, àárín àpáta méjì náà tutù díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tú gèlè mi, mo ki í bọ inú pàlàpálá, mo dúró kó mu omi, mo fún un sínú igbá. Mo tún ki í bọ̀ ọ́. Mo ń bú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bí mo ti ń fún un. Èébú tí mo bú u lọ́jọ́ náà, n kò ní tún un sọ sétí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá àgbà yín ti ṣe ohun tó ṣe. Ojú ń tì í, mo mọ̀. Ó bu omi táǹkì sínú igbá ìyá rẹ̀. Ó já ewé lé e lórí, bí a ti máa ń ṣe kí omi odò má baà dà lọ́nà. Ó gbé e fún un, ó ní, "Màmá, Ajíhó rèé."

Ìyá Àgbà gbà á sẹ́nu. Ó mú un dání lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Ó tú u sílẹ̀. Ó ní, "Èyí kọ́."

Ó ní, "Màmá, Ajíhó ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n ni."

Ó ní, "Èyí kọ́."

Ibẹ̀ ni mo bá wọn. Mo ri ìka mi sínú èyí tí mo fún jáde lára gèlè, omi pípọ́n tó ní erùpẹ̀, mo fi pa á létè. Ó lá a. Ó di ojú rẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti tẹ àjà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn mọ́, ìgbéyàwó ni o, òkú ni o. Ẹ máa ń bi ara yín pé kí ló dé tí Màmá kì í wọlé wa. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.

Kí lo wí, Dèjì? Ohùn rẹ kéré. O ní kànga yín jìn, o ní omi rẹ̀ mọ́. Ta ló ní kò mọ́? Ẹ tà á. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ tà á. O ní orúkọ yín kò ní tà bí Ajíhó? Bàbá àgbà yín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi já ewé lé omi táǹkì nìyẹn. Ọ̀rá ni tiyín, ewé ni tirẹ̀.

Ṣé fóònù yẹn ṣì ń gba ohùn mi? Ó dáa. Ẹ̀rí lẹ ní kí n wá jẹ́. Gbé ọ̀rá omi yẹn fún mi wàyí. Rárá, má bá mi já a, mo ṣì ní eyín.

Ó tutù. Ó mọ́.

Èyí kọ́.